Kẹ̀kẹ́ Ológeere Láàárín Mowé àti Ìfọ̀: Ìtàn Tí Ọ̀nà Kọ Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Iwájú ni ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń wò, nítorí kòtò àti òkúta tó wà lójú ọ̀nà. Nínú àròkọ yìí, ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí afárá gígùn tó wà lójú odò Ògùn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan Ìbàfò, lẹ́yìn náà Mowé, lẹ́yìn náà àgọ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Redemption Camp. Ohun tí ojú ń rí kò ju ògiri, pátákó ìpolówó àti ọkọ̀ tó tò bí èèrùn lọ. Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ kan léèrè ìgbà tí ìtàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè dáhùn pé ọdún 1983 ni, nígbà tí ìjọ Redeemed Christian Church of God kọ́kọ́ gba ilẹ̀ síbẹ̀. Ọdún náà ṣe pàtàkì lóòótọ́, nítorí àgọ́ náà ló sọ abúlé di ìlú. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ fi tọ ìtàn náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Yorùbá ti san gbèsè kẹ̀kẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó di tiwa. Igbó wa wà lára ohun tó di táyà rẹ̀, apá àwọn baba wa ló la ọ̀nà tó ń gbà. Síbẹ̀, lónìí, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ológeere ni kò ní ọ̀nà mọ́ láàárín Ìbàfò àti Mowé.

ORÚKỌ RẸ̀

Kí a tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ rẹ̀. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí. Kẹ́kẹ́, tí ohùn òkè wà lórí sílébù rẹ̀ méjèèjì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilà ojú tí àwọn baba wa ń kọ, bíi àbàjà àti pélé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tán lẹ́nu ènìyàn, a máa ń sọ pé kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ ní tirẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí sílébù kìíní, ohùn òkè sì wà lórí èkejì. Ohun tó ń yí ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí gbogbo rẹ̀ jáde ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni ohun tí wòlíì Ìsíkíẹ́lì rí nínú ìran rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ogun sì ni Fáráò fi lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Nígbà tí ohun tuntun yìí wá dé, àwọn ènìyàn wa kàn fi àpèjúwe kún orúkọ tó wà nílẹ̀: wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun tó bá ń lọ geere ni èyí tó ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, tí kò fara kọ nǹkan, tí kò sì pariwo. Àwọn mìíràn gba ẹnu òyìnbó, wọ́n pè é ní bàísíkù.

Ẹ wo àwọn àbúrò rẹ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Alùpùpù gba orúkọ lára ariwo ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀kadà gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba orúkọ lára Buba Marwa, ẹni tó jẹ́ alákòóso ológun fún ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ológeere nìkan ni a fi ìrìn rẹ̀ sọ lórúkọ. Ìrìn náà ló sì jẹ́ kó wúlò fún ìtàn: kò yá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní ríran, kò sì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ yóò fi ṣú mọ́ni lọ́nà.

PÁPÁ ÀTI IGBÓ

Odò Ògùn ló pín ilẹ̀ tí à ń sọ yìí sí méjì. Ní apá ìlà-oòrùn odò ni Ìbàfò, Mowé àti Ọ̀fàdà wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ni Ìfọ̀ àti Pápáláńtò wà, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè gíga bí ti Olúmọ. Pápá àti àkùrọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, igbó sì wà káàkiri láàárín wọn. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, ilẹ̀ yìí ló ti gba orúkọ.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Àwórì sì wà ní apá gúúsù. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Lísàbí fi ẹgbẹ́ àáró bojú, tó sì fi ẹgbẹ́ alágbàṣe oko náà gba àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣojú Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Òwu àti àwọn ogun tó tẹ̀lé e tú ìletò Ẹ̀gbá ká ní àwọn ọdún 1820 sí 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Báyìí ni Abẹ́òkúta ṣe dá sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn tún ti ń padà lọ dáko ní pápá. Ilé wà ní Abẹ́òkúta, abà wà lóko. Nígbà tó ṣe, abà di abúlé.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè ka ìtàn yìí lára igi àti lára orúkọ. Pèrègún tó dá dúró sínú igbó ìgbẹ́ kì í hù lásán. Ààlà ilẹ̀ ló ń sọ, tàbí ojúbọ kan. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò fi àdá kàn láàárín oko tí a ti ro lè jẹ́ igbó orò. Igbó Lísàbí ṣì wà nítòsí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti rántí akọni wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn ìlú náà. Wáàsinmi: ẹni tó rìn títí tó rẹ̀ ẹ́ ló lè sọ ìlú ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Owódé: ọjà ti tà. Kájọlà: ká jọ là, kí ẹnì kan má dá là. Ewékorò: ewé kan wà níbẹ̀ tó korò lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kò sí ìwé tó sọ ìgbésí ayé àwọn arìnrìn-àjò àti àgbẹ̀ ìgbà náà ní ṣókí tó báyìí.

IGBÓ TÓ DI TÁYÀ

Ní 1885, John Kemp Starley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Irú kẹ̀kẹ́ yìí ni a ṣì ń gùn títí di òní. Ní nǹkan bí 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, ṣe táyà rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí gbogbo Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́. Rọ́bà wá di ohun tí ayé ń wá lójú méjèèjì.

Igi irẹ́ wà nínú igbó wa, oje rẹ̀ sì ni rọ́bà. Títí di nǹkan bí 1894, kò sẹ́ni tó ń kó o lọ tà fún òyìnbó. Gómìnà Gilbert Carter ló mú kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, láti fi igi náà hàn àti láti kọ́ni bí a ṣe ń gba oje rẹ̀. Iná ràn. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ. Àwọn ènìyàn ya wọ inú igbó Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Oǹdó; wọ́n ń há igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìdá èèpo sí, wọ́n sì ń padà wá há a kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jiná. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi irẹ́ ti kú, òwò náà sì ti wọlẹ̀.

Ẹ ro ó wò. Ní àkókò kan náà tí ọ̀dọ́mọdé kan ní London tàbí ní Paris ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gba atẹ́gùn ní ìgbèríko, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oje igbó Yorùbá ló ń gbé e. Kẹ̀kẹ́ díẹ̀ ló wà ní Èkó nígbà náà, ní ọwọ́ àwọn òyìnbó àti àwọn ọlọ́lá. Àgbẹ̀ tó wà ní Mowé kò tíì fojú kàn án.

ỌWỌ́ TÓ LA Ọ̀NÀ

Ojú irin ló kọ́kọ́ la ilẹ̀ náà já. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó gba Ìfọ̀ kọjá, ó dé Abẹ́òkúta ní 1899, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn àgbẹ̀ tẹ̀lé e. Ní Agége, Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1907, oko irú wọn sì tàn gba apá Ọ̀tà àti Ìfọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí abúlé. Kí ẹrù tó dé ibùdókọ̀, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà láti oko.

Ta ló máa la ọ̀nà náà? Ní 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira tó kù lọ́wọ́ Ẹ̀gbá, òmìnira tí àdéhùn 1893 ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń kó àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsanwó fún wọn. Nígbà tó di 1918, wọ́n tún gbé owó orí lé e. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìfaradà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1918 ni àwọn Ẹ̀gbá dìde sí ohun tí ìtàn mọ̀ sí Ogun Adúbí. Wọ́n hú ojú irin ní gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọba Ẹ̀gbá. Ìjọba kó ọmọ ogun dé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ló kú.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà bí ẹni pé ó jábọ́ láti ọ̀run, tàbí pé ẹ̀bùn ìjọba ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lẹ́yìn ogun náà, iṣẹ́ ọ̀nà àfipáṣe wà lára ohun tí àwọn ènìyàn fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀nà tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ wá gbà lẹ́yìn 1918, ọ̀nà tí a ti sanwó rẹ̀ ni. Àwọn tó sanwó náà kò sì yàn láti san án.

ÀWỌN TÓ GÙN ÚN

Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ olówò Èkó ń kó o wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Raleigh ti Nottingham ni orúkọ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu. Àwọn wo ló ń gùn ún? Tíṣà àti ajíhìnrere tó ní ìjọ mẹ́ta lábúlé mẹ́ta. Wolé-wolé, tí gbogbo ilé máa ń sáré gbálẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Akọ́dà tó gbé ìwé ìpè sí ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹlẹ́mu tó so kèrègbè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó di àpò gbàgùúdá mọ́ ọn dé ibi pé òun fúnra rẹ̀ kò ríbi jókòó. Ó wá ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń da màlúù. Ẹni tí kò lówó kẹ̀kẹ́ a gba ti háyà.

Ìyàtọ̀ tó mú wá hàn gbangba. Ohun tí ẹnì kan lè rù lórí láti abúlé dé ibùdókọ̀ Ìfọ̀ ní odindi ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ lè gbé ìlọ́po rẹ̀ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, kí olówó ẹrù sì padà sóko ní ọ̀sán. Ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà, kẹ̀kẹ́ gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ fi tètè rí owó nínú rẹ̀: wọ́n ní kí olúkúlùkù gba láìsẹ́ńsì fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi kò mọ ẹ̀rí mìíràn tó fi hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé nǹkan ti di ti gbogbo ayé. Ohun tí kò bá pọ̀, ìjọba kì í bu owó lé e.

LÁTI ÌDÓGÒ DÉ CHICAGO

Ní Ìfọ̀, ẹ̀ka ojú irin kan yà sí Ìlaròó, ó sì parí sí Ìdógò. Ìlú kékeré ni Ìdógò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní 1942. Obey ló sì fi orin sọ orúkọ arìnrìn-àjò kan di ohun tí ọmọdé àti àgbà mọ̀: Ọlábísí Àjàlá. Títí di òní, bí ẹnì kan bá fẹ́ràn ìrìn jù, Àjàlá ni a ń pè é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé Àjàlá gun alùpùpù Vespa káàkiri ayé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ohun tí wọn kò sábà mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gbéra ní Chicago pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ó sì gùn ún dé Los Angeles láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ọ̀nà náà ju 2,000 máìlì lọ. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀. Ní ìlú tó bá dé, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa Áfíríkà, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kì í ṣe ará ìgbẹ́ tí wọ́n rò pé a jẹ́. Ó kú ní Èkó ní 1999.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ igi irẹ́. Láàárín ọgọ́ta ọdún péré, àwa tí igbó wa bọ́ kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ wọn já, tí a sì ń sọ ìtàn ara wa fún wọn.

Ọ̀NÀ TÓ LÉ KẸ̀KẸ́

Ní 1978 ni ìjọba ológun ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 127 kìlómítà. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ọ̀nà Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni arìnrìn-àjò ń gbà. Òpópónà náà gé pápá Ẹ̀gbá já bí ọ̀bẹ. Ó mú ìrọ̀rùn wá, a kò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàfò dé Mowé lónìí, ẹ̀gbẹ́ tírélà ni yóò ti máa rìn, kò sì sí ojú ọ̀nà kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀nà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ti ya abúlé tó wà lápá ọ̀tún kúrò lára èyí tó wà lápá òsì.

Lẹ́yìn 1983, àgọ́ ìjọ náà ń gbòòrò, ó sì ti di ìlú tí wọ́n ń pè ní Redemption City báyìí, tó ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Èkó náà kún àkúnwọ́sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá ilẹ̀ tí apá wọn lè ká. Oko di ilé, abà di ẹsiteeti. Ní apá kejì odò, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń dúró ní Kájọlà àti ní Pápáláńtò, bí èyí àtijọ́ ṣe ń dúró ní Ìfọ̀. Èmi kò sọ pé kí ìlú má dàgbà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni orúkọ. Bí wọ́n bá kọ́ ẹsiteeti sórí abúlé, orúkọ tí olówó ilẹ̀ fún un ni wọ́n ń kọ sí ẹnu géètì, ti abúlé a sì máa gbé ẹnu àwọn àgbàlagbà nìkan. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá sì lọ, kẹ́kẹ́ pa nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín nìyí. Ẹ yà kúrò lójú òpópónà ní Mowé, kí ẹ kọrí sí Ọ̀fàdà. Tàbí kí ẹ yà ní Ìfọ̀ sí àwọn abúlé ẹ̀yìn ojú irin. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́, ẹ gùn ún ní àwọn ọ̀nà kékeré wọ̀nyẹn, kì í ṣe lójú òpópónà. Bí ẹ kò bá ní, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ kí àwọn àgbàlagbà tí ẹ bá bá lábẹ́ igi, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì béèrè orúkọ abúlé wọn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, àti ìdí tí pèrègún kan fi dá dúró síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, nítorí orúkọ tí kò ní àmì ohùn kò yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò.

Igi irẹ́ tí wọ́n há pa kò ní padà wá. Àwọn tó kú ní 1918 kò lè jí. Orúkọ abúlé ló ṣì kù nílẹ̀, kò sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè fi kẹ̀kẹ́ gbé délé.